Ìparí Tí Kò Sí Nínú Fíìmù

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, fíìmù wo gan-an lẹ wò?"

Olóòtú ìwé ìròyìn ló ń bi í lórí fóònù. Obìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń jí aláìsàn. Lámèyítọ́ gbé ife tíì rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ewo nínú wọn? Mọ́kànlélógójì ni mo wò lọ́dún yìí."

"Èyí tí ẹ fi sípò kìíní, sà. 'Yàrá Ẹ̀yìn'."

"'Yàrá Ẹ̀yìn' náà ni mo wò. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí ẹ kọ síta fún yín." Olóòtú wúkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Fíìmù kan ṣoṣo lọ́dún yìí ló rántí pé arúgbó lè wọlé sùn kí ilẹ̀ sì mọ́ bá a. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ní, Ẹ sùn un re, Bàbá, ó dàárọ̀. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó parí. Ẹ wo bí a ṣe ń parí ìtàn láìpa ẹnikẹ́ni.'"

"Kí ló wá kù níbẹ̀? Àmì ohùn kan ni mo gbàgbé?"

"Bàbá náà kú, sà."

"Bàbá wo?"

"Bàbá inú fíìmù yẹn. Ọsibítù ló kú sí. Èmi àti màmá mi lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé nítorí bí ẹ ṣe yìn ín. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ yẹn, òkú ló sọ ọ́ fún. Màmá mi ní, ẹ má bínú o, ṣé ojú Bàbá yìí ṣì ń ríran?"

Lámèyítọ́ yíjú sí ilé ìdáná, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ abọ́, tó ń fẹnu kùn orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

"Bàbá, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni ojú ìwé yẹn ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Kò sẹ́lòmíràn tó tíì kà á. Ẹ kàn tún ìpínrọ̀ kan ṣe, ọ̀rọ̀ ti tán." Ó tún rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ sọ èyí o. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ni àwọn ọ̀gá ti ń bi mí bóyá kò ní dáa kí ẹ lọ sinmi. Mo ní ara yín le, mo ní orí yín pé ju tiwa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di onírọ́."

"Mo gbọ́," ni Lámèyítọ́ wí, ó sì pa fóònù.

Ọdún méjìlélógún ló ti ń sọ èrò rẹ̀ nípa fíìmù nínú ìwé ìròyìn náà. "Ohun Tí Mo Fojú Rí" ni ojú ìwé rẹ̀ ń jẹ́, kì í sì í fi orúkọ náà ṣeré. Kò kọ̀wé rí lórí fíìmù tí kò wò láti orí dé ìdí. Bí àwọn yòókù bá ti dìde, tí wọ́n ń gbọn gúgúrú kúrò lára aṣọ, òun á ṣì jókòó, á máa ka orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ títí dé orí ẹni tó wa mọ́tò fún wọn. Àwọn akọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ara ògiri ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó lọ kọ tiwọn. Ó ti lé irú wọn méjì kúrò níwájú tábìlì rẹ̀ rí. "Ìròyìn ò tó àfojúbà," ni ó wí fún wọn. "Ẹni tí kò bá rí i, kó panu mọ́." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mofojúrí nìyẹn. Àwọn kan ń fi pọ́n ọn lé, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun kì í sì í bèèrè ẹni tó ń ṣe èwo.

Ní ìparí ọdọọdún ló máa ń to fíìmù mẹ́wàá tó dára jù, á sì sọ ti ìyókù láìfepo bọyọ̀. Tọdún yìí le. Ó kọ nípa fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan pé: "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rẹ́rìn-ín, nígbà tí àga ya mọ́ ẹni tó wà níwájú mi nídìí." Ó kọ nípa òmíràn tó gba wákàtí mẹ́ta pé: "Wákàtí méjì nínú rẹ̀, mọ́tò ni wọ́n ń wà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n òkú ló bí i nínú jù. Ó ń fa ilà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kékeré tó máa ń mú dání: fíìmù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú tọdún náà ló parí síbi ìsìnkú. "Bí ẹnì kan bá ti wúkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù wa," ni ó kọ, "kí ẹ ti máa wá ọkọ́." Fíìmù kan ló yọ sọ́tọ̀ nínú gbogbo wọn. Òun ló sì fi sípò kìíní, nítorí pé bàbá inú rẹ̀ kò kú.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò rí ìparí rẹ̀. Nínú fíìmù náà, bíríkìlà kan tó ti fi ilé sílẹ̀ fún ogún ọdún ló padà wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà kò lé e, kò sì kí i káàbọ̀. Ó fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Bàbá náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń tún ohun tó bàjẹ́ nínú ilé ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lámèyítọ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ó rí ẹsẹ̀ tábìlì. Ó rí fèrèsé tí kò ṣeé tì. Ibi fèrèsé yẹn ni oorun ti gbé e lọ, ní ọ̀sán gangan. Ìgbà tó lajú, wọ́n ti tan iná, ìyàwó rẹ̀ sì ní, "Ẹ kàn tògbé díẹ̀ ni." Ó sọ ìyókù fún un bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, Lámèyítọ́ ti ń rí ọwọ́ ọmọbìnrin náà lára ilẹ̀kùn. Ó ti mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ ọ́.

"Tíṣà!"

Orúkọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ fẹ́ tíì sí i ni?"

"Wá jókòó."

Ó jáde wá, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Yéè, mo ti dáràn. Ohùn hẹdimásítà nìyẹn."

"'Yàrá Ẹ̀yìn'. Báwo ló ṣe parí?"

"Mo ti sọ fún yín."

"Tún un sọ."

Tíṣà ka aṣọ ìnuwọ́ náà sí méjì, ó tún un kà sí mẹ́rin. "Bàbá ti tún gbogbo ilé ṣe tán. Ọmọ rẹ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, 'Ẹ sùn un re, Bàbá. Ó dàárọ̀.' Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní bàbá nìyẹn. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Gbogbo èèyàn ń fa imú nínú ilé sinimá náà, inú wọn dùn."

"O rí i?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Mo ní, ṣé o rí i?"

"Awò ojú mi wà nínú báàgì," ni Tíṣà wí. "Báàgì wà lábẹ́ apá yín. Orí yín wà lórí èjìká mi. Apá wo ni ẹ fẹ́ kí n mì?"

Lámèyítọ́ wò ó títí.

"Wákàtí mélòó ni mo sùn?"

"Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú."

"O ní mo kàn tògbé ni!"

"Ẹ tògbé dáadáa."

"Tíṣà, iṣẹ́ ni mo wà! Ó yẹ kí o jí mi."

"Kí n jí yín?" Obìnrin náà gbé aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Oṣù márùn-ún ni mo fi ń dùbúlẹ̀ ti ẹni tó ń ka igi àjà. Dókítà fún yín lóògùn oorun, ẹ ní inú ń rìn yín tí ẹ bá lò ó. Ẹ wá sùn, ní ọ̀sán, láàárín èèyàn, ẹnu yín là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ kíláàsì kìíní lẹ́yìn eré. Ẹ ní kí n jí yín. Bí wọ́n bá pariwo iná, mo máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá iná náà ṣì jìnnà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò rí i?"

"Nítorí mo mọ̀ yín. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ sùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní sùn níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ibi kan ṣoṣo tí oorun ti rí yín mú nígbà náà, kí n wá fẹnu ara mi bà á jẹ́?" Ó gbọ̀n orí. "Ẹ má sì pè é nírọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Ẹ sùn un re, ó dàárọ̀. Ta lẹ máa ń sọ ìyẹn fún, tí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ sùn?"

"À ń sọ ọ́ fún òkú, Tíṣà."

Tíṣà tún aṣọ ìnuwọ́ náà gbé.

"Ó ti kú ni?"

"Olóòtú ní ó kú."

"Bàbá tó tún fèrèsé ṣe yẹn?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n túfọ̀ aládùúgbò fún. "Háà. Èmi rò pé ó ti dùbúlẹ̀ sinmi ni."

Inú tó ń bí Lámèyítọ́ kò rí ibi dúró sí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohun tó gbọ́, ó sì sọ ọ́. Ta ló mú un, tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí? Kì í ṣe Tíṣà.

"Lọ wọ bàtà," ni ó wí. "Wọ́n máa ń fi fíìmù náà hàn ní aago méjìlá. Mú awò rẹ dání. Lọ́wọ́ o, kì í ṣe nínú báàgì."

Orí òkè kejì ilé ìtajà ńlá kan ni ilé sinimá náà wà, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ wọ́n.

"Bàbá Mofojúrí! Ẹ tún wá wo eléyìí? Ó dáa tó bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí mo wá wádìí nìyẹn."

Àwọn méje péré ló wà nínú rẹ̀. Lámèyítọ́ jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ó fi ìwé kékeré rẹ̀ lé orúnkún, ó mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Tíṣà fi awò sójú, ó nu ún, ó tún un fi sójú.

Ẹ̀rọ omi jò, wọ́n tún un ṣe. Tábìlì dúró. Nígbà tó kan fèrèsé, Tíṣà fi ìgúnpá gún un níhà. "Ibí lẹ dé," ni ó rọra wí.

"Mo mọ̀."

Láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti di tuntun fún àwọn méjèèjì. Bàbá náà gbé òòlù sókè, ó wúwo jù fún un, ó gbé e sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ rí oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn náà kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn rárá. Ilẹ̀kùn funfun kan ni, tó ní gíláàsì róbótó lójú. "Ẹ sùn un re, Bàbá. Ó dàárọ̀." Ilẹ̀kùn tí a gbọ́ pé wọ́n pa dé lẹ́yìn ìyẹn, ti mọ́tò tó gbé òkú ni.

Lámèyítọ́ fa ilà kan sínú ìwé rẹ̀. Ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Fíìmù náà kò burú. Ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì ni ohun tó dára jù tó rí lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba olùdarí náà. Ó ti mú bàbá àti ọmọ dé ibi tó kù kí wọ́n wo ojú ara wọn, kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ, ó wá pa ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí Lámèyítọ́ kọ sílẹ̀ nìyẹn nínú òkùnkùn. Ó gbọ́ ẹkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà ti bọ́ awò, ó ń nu ojú.

Wọ́n jókòó títí orúkọ awakọ̀ fi kọjá.

Ibi àtẹ̀gùn ni Tíṣà ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wọ́n bà á jẹ́."

"Wọn ò bà á jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Tèmi dáa jù."

"Tìrẹ dáa jù," ni Lámèyítọ́ wí.

Obìnrin náà dúró lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ ń pọ́n mi lé."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ ọ. Ìgbà wo ni mo yin ohun tí kò dáa?"

"Òótọ́ ni. Ẹ ò tíì dárí ji aṣọ ìgbéyàwó mi."

"Apá rẹ̀ ti gùn jù. Mo sọ ọ́ nígbà náà." Ó di irin àtẹ̀gùn mú. Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo jáde lábẹ́ abẹ, mo rò pé tí mo bá sùn, mi ò ní jí. Mi ò sọ ọ́ fún dókítà. Òmùgọ̀ ló máa pè mí."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ta ló ń ka igi àjà nítorí pé igi náà dára?"

"Alẹ́ ọjọ́ tí o sọ ìparí tìrẹ fún mi," ni Lámèyítọ́ wí, "mo pa iná fúnra mi. Mo ní ó dàárọ̀. Mo sùn, ilẹ̀ mọ́ bá mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn. Kí ni mo tún fẹ́ fi sípò kìíní?"

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn tí ọkọ rẹ̀ wà, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ló bèèrè:

"Kí lẹ máa wá kọ?"

"Olóòtú ní kí n yí ìpínrọ̀ kan padà."

"Ẹ yí i padà nígbà náà. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Tí ẹ bá sọ pé ẹ sùn, wọ́n á gba ojú ìwé yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Kí lẹ máa wá máa fi ojú yẹn wò látàárọ̀ dalẹ́? Ọbẹ̀ mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹ rora o."

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn. Ó gbé "Yàrá Ẹ̀yìn" sípò karùn-ún, ó yin ìdajì rẹ̀, ó bá ìdajì wí. Ó wá fẹ́ gbé àwọn tó tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀ sókè ní ìgbésẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ti wà nípò kejì, ìyẹn fíìmù obìnrin tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní lílúwẹ̀ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Fíìmù náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dára jù lọ́dún yìí. Ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì ti èyí tó wà nípò karùn-ún tẹ́lẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé e sísàlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan.

Fóònù dún.

"Bàbá, ṣé ẹ ti tún un ṣe? Mo ti bá yín wá ọ̀nà kan." Inú Olóòtú dùn sí ohun tó rí. "Ẹ má wulẹ̀ da àtòjọ yín rú. Ẹ yọ 'láìpa ẹnikẹ́ni' yẹn kúrò. Ẹ wá kọ ọ́ pé, 'Ní ìparí gbogbo rẹ̀, bàbá náà sùn.' Ó tán! Ẹni tó bá ti wò ó á mọ̀ pé ó kú ni. Ẹni tí kò tíì wò ó á rò pé oorun ni. Kò sẹ́ni tó lè mú yín."

Lámèyítọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó mọ́ra. Ó wọlé síbẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì ní í gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọdún méjìlélógún á dúró bó ṣe wà, àwọn ọ̀gá á sùn, Olóòtú náà á sùn.

"O gbọ́n, ọmọ mi," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń wo ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Mi ò lè tún gun òmíràn jáde."

"Kí ló dé gan-an, sà? Ẹ sọ fún mi."

"Bàbá kan sùn lóòótọ́," ni Lámèyítọ́ wí. "Èmi ni. Wàá kà á. Tí àwọn ọ̀gá bá bi ọ́, sọ fún wọn pé o bá mi sọ ọ́ títí, mi ò gbọ́."

"Aago márùn-ún o, Bàbá," ni Olóòtú wí, ó sì pa fóònù.

Lámèyítọ́ kọ ọ́ láìdúró. Nígbà tó parí, ó pe Tíṣà wá, ó kà á sí i létí.

"'Ipò kìíní kò sí fún fíìmù kankan lọ́dún yìí. Mo sùn nínú ilé sinimá. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi sùn nínú Yàrá Ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n sọ ìyókù fún mi, mo sì fẹ́ gbé e wá síwájú yín bí ẹni pé mo rí i. Ẹni tó bá ti ń ka ojú ìwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́ mọ bí ìyẹn ti wúwo tó, kó sì ṣe ìdájọ́ tó bá tọ́. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò rí i pẹ̀lú. Ó gbọ́ ọ ni, nítorí pé orí mi wà ní èjìká rẹ̀, kò sì fẹ́ mì. Nínú èyí tó gbọ́, ọmọ kan pe arúgbó kan ní bàbá, ó ní ó dàárọ̀, ilẹ̀ sì mọ́. Mo ti padà lọ wo fíìmù náà. Kò sí níbẹ̀. Ìtàn tó dára jù tí mo bá pàdé lọ́dún yìí nìyẹn, ẹ ò sì lè rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà níbikíbi.'"

Tíṣà gbọ́ ọ tán pẹ̀lú ọwọ́ lórí àyà, bó ṣe máa ń gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà kan. Kò yìn ín. Kò sì sunkún.

"Ẹ ò dárúkọ mi."

"Mi ò dárúkọ rẹ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ fi ohun kan sílẹ̀."

"Kí ni?"

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ sùn. Ẹ ò kọ ọ́ pé ẹ hanrun."

"Èmi?" Lámèyítọ́ yí àga rẹ̀ padà. "Èmi kì í hanrun."

"Dókítà inú fíìmù yẹn, tó ní ọkàn bàbá náà kò lágbára mọ́, kí wọ́n pe àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ rò pé etí mi di ni? Ìhanrun yín ló bò ó mọ́lẹ̀. 'Ilé' nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní, ọpẹ́ o, ara bàbá ti yá, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé."

Lámèyítọ́ wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò rí àwàdà níbẹ̀. Ó yí padà sí kọ̀ǹpútà, ó gbé ọwọ́ lé e. Aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù.

"Sọ ibi tó yẹ kó wà fún mi," ni ó wí.

Tíṣà na ìka, ó fi hàn án. Lámèyítọ́ kọ ọ́ síbẹ̀: "Mo sì hanrun, débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ." Ó tún gbogbo rẹ̀ kà láti òkè, ó fi àmì ohùn tó kù sórí ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi í ránṣẹ́.